Mo ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn kì í pè mí sí eré

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe awàdà orí ìtàgé. Alẹ́ open mic, tí ẹnikẹ́ni ti lè gun ìtàgé dánra wò, ni mo máa ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú 5 tó dúró dáadáa, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ̀wé sí nǹkan bí 20 nínú àwọn tó ń ṣètò eré. Ẹni méjì péré ló dá mi lóhùn, àwọn méjèèjì ní àwọn á pè mí, títí di òní wọn ò pè. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Àbí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ èèyàn kó tó rí eré ni?*

Àbúrò mi, o kú ìtiraka. Jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn, torí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ń dùn ọ́ jù, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, o gbọ́dọ̀ mọ èèyàn. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí mò ń wí kì í ṣe ti ìbátan, kì í sì í ṣe ti ojúsàájú. Kí ẹni tó ń ṣètò eré ti rí ọ lórí ìtàgé ni, kó ti rí bí o ṣe gùn ún, kó rí bí o ṣe sọ̀ kalẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Nínú àwọn 20 tí o kọ̀wé sí, mélòó ló ti fojú kàn ọ́ rí? Tí kò bá sí ìkankan, a jẹ́ pé àjèjì ni ọ́ lójú gbogbo wọn, bó ti wù kí ẹ̀fẹ̀ rẹ dùn tó. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ méjèèjì ni mo ti ṣe. Mo ti dúró nídìí maíkì, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́, tí mò ń yan ẹni tí yóò ṣeré. Ohun tójú mi rí níbẹ̀ ni mo fi lè sọ fún ọ pé kì í ṣe ẹni tó lẹ́fẹ̀ jù ni olùṣètò ń wá. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá. Wo bí alẹ́ kan ṣe rí fún un: ó ti sanwó gbọ̀ngàn, ó ti ta tíkẹ́ẹ̀tì, àgbà aláwàdà tí èrò torí rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ gun ìtàgé ní aago tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, onílé sì ti sọ ìgbà tí òun máa tilẹ̀kùn. Àárín gbogbo èyí ló ti fẹ́ ki ẹni tuntun bọ̀. Bí ẹni tuntun bá ṣe ìṣẹ́jú 5 tí ẹ̀rín kò jáde, kò burú. Olóòtú tó mọṣẹ́, ìyẹn ẹni tó ń darí eré lórí ìtàgé, á jáde, á fi ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta jí ilé padà. Ẹni tí apá olóòtú kì í ká ni ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bú òǹwòran, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó sọ̀rọ̀ kan tí onílé fi ní kí wọ́n má padà wá mọ́.

Mo rántí ọmọkùnrin kan dáadáa. Ìṣẹ́jú 7 ni mo fún un. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú kan, mo tan iná fún un, iná pupa kékeré kan tó wà lókè orí ẹni tó ń bójú tó ohùn, níbi tí ẹni tó wà lórí ìtàgé nìkan ti lè rí i. Ó rí i. Mo rí i pé ó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń dún láti igun kan dé èkejì, ó dùn mọ́ ọn, ló bá yí ojú kúrò lápá ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn. Ìṣẹ́jú 15 ló lò. Àgbà aláwàdà tó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Ilé rẹ́rìn-ín títí tí ọmọ náà fi sọ̀ kalẹ̀, mi ò sì pè é mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, obìnrin kan ṣeré tí ẹ̀rín rẹ̀ kò tó ìdajì ti ọmọkùnrin yẹn. Bí iná ṣe tàn, ó parí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó dúpẹ́, ó dá maíkì padà sórí igi rẹ̀, ó sì gbé igi náà padà sí ojú ibi tó ti bá a. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ẹnì kan bàjẹ́ lọ́nà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ta lo rò pé mo pè?

Nítorí náà, aago ni kí o kọ́kọ́ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ìṣẹ́jú 5 tí o fi ń dánra wò nínú yàrá kì í ṣe ìṣẹ́jú 5 níwájú èrò, torí ẹ̀rín náà ń jẹ àkókò. Tí wọ́n bá fún ọ ní ìṣẹ́jú 5, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 4 ni kí o kó lọ. Tan fóònù rẹ kó máa gba ohùn rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá gun ìtàgé, kí o sì tẹ́tí sí i lọ́jọ́ kejì, kódà tí eré náà kò bá dáa, pàápàá tí kò bá dáa. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ kan tí o rò pé ó dún, ọ̀rẹ́ rẹ kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀pọ̀ aláwàdà ni àkọ́pè wọn kì í ṣe pé olùṣètò fara balẹ̀, ó gbé orúkọ wọn yẹ̀ wò, ó wá yàn wọ́n. Ẹnì kan ló já a kulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ eré. Olùṣètò á gbé fóònù, á máa ronú: ta ló wà nítòsí, ta ló máa ń tètè gbé ìpè, ta ni mi ò ní máa ṣọ́? Ìṣẹ́jú 10 péré ló máa fi wá a, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ló máa pè. Iṣẹ́ rẹ báyìí ni kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀? Lọ wo eré náà kí o tó béèrè àyè nínú rẹ̀. Ra tíkẹ́ẹ̀tì, jókòó, wò ó títí dé òpin. O máa rí irú ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, iye ẹni tuntun tí wọ́n ń fún láyè, àti ẹni tó ń pàṣẹ gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó. Tí ọwọ́ olóòtú bá ṣófo lẹ́yìn eré, lọ kí i, sọ orúkọ rẹ fún un, sọ ohun kan tí o gbádùn, kí o sì máa lọ. Má béèrè eré lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ yẹn. Lọ lẹ́ẹ̀kejì, lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Tí wọ́n bá ní open mic tiwọn, ibẹ̀ gan-an ni kí o ti máa ṣeré, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ilé rẹ jù tí olùṣètò kankan kì í dé.

Àwọn ilé awàdà tó lórúkọ jù lágbàáyé pàápàá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí Comedy Store ti Los Angeles ṣí ní ọdún 1972, kò pẹ́ tó fi bọ́ sọ́wọ́ Mitzi Shore. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin yìí ló ń jókòó wo àwọn ẹni tuntun fúnra rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, òun ló sì ń pinnu ẹni tó máa di aláwàdà ilé náà. Èyí tó wà ní London, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣí ní ọdún 1979, agogo ńlá sì ni wọ́n gbé sí ìdí ìtàgé: tí ọ̀rọ̀ rẹ bá ti sú òǹwòran, wọ́n á lù ú, o ti parí nìyẹn. Títí di òní wọ́n ṣì ní alẹ́ kan fún àwọn ẹni tuntun, níbi tí àwọn òǹwòran kan ti ń di káàdì mú láti lé èèyàn lọ, tí ẹni tó bá sì lo ìṣẹ́jú 5 láìjẹ́ pé wọ́n lé e ti yege. Wo bó ṣe rí, àbúrò mi: lẹ́tà kọ́ ni wọ́n fi ń wọ ilé wọ̀nyí. Kí wọ́n fojú rí ọ ni.

Wàyí o, fídíò. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni mo rò pé lẹ́tà 20 rẹ ti kú. Ẹni tó ń gba fídíò lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún aláwàdà kì í wo gbogbo rẹ̀ tán. Bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ni á kọ́kọ́ wò, lórí fóònù, bóyá inú ọkọ̀ ló wà. Tí ẹ̀rín àkọ́kọ́ kò bá tíì jáde láàárín ìyẹn, á ti ṣí ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, gé ibi tí olóòtú ti ń pe orúkọ rẹ àti ibi tí o ti ń rìn bọ̀ kúrò. Kó bẹ̀rẹ̀ bí o ṣe gbá maíkì mú. Ẹ̀fẹ̀ rẹ tó lágbára jù tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni kí o fi ṣí i. Láti ibẹ̀ lọ, má gé nǹkan kan mọ́. Tí mo bá rí i pé aṣọ ọrùn aláwàdà yí padà láàárín fídíò, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé kí ló wà nínú èyí tó gé sọnù? Ìṣẹ́jú 5 tí ẹ̀fẹ̀ kan kò ti wọlé nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó lọ tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sàn fún mi ju ìṣẹ́jú 2 tí wọ́n fi abẹ́ tò lọ.

Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a ń gbọ́ ọ, a sì ń gbọ́ ilé. Má gbé fóònù náà sí ẹ̀yìn pátápátá, má sì gbé e sórí tábìlì ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan, torí ẹ̀rín rẹ̀ nìkan la máa gbọ́, á wá dà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé. Wá igi tó ń gbé fóònù dúró, gbé e sí àárín gbọ̀ngàn, díẹ̀ ga ju orí àwọn tó jókòó lọ, kí o sì tì í kó má mì. Alẹ́ tí òǹwòran gidi wà ni kí o yà á, kì í ṣe alẹ́ tó jẹ́ pé aláwàdà 12 tó ń dúró de àyè tiwọn ló jókòó. Gbé e sórí YouTube lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní líǹkì rẹ̀ nìkan ló lè rí i. Má fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn fídíò kéékèèké tí àwọn èèyàn ń gbé sórí Instagram àti TikTok yàtọ̀ sí èyí. Mi ò ní kí o má ṣe é. Àwọn olùṣètò kan ń wo iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé ọ, torí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kan ti ìṣẹ́jú àáyá 40 kò sọ fún mi bóyá o lè di ilé mú fún ìṣẹ́jú 5.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé:

“Ẹ káàsán o. Èmi ni lágbájá. Mo wà ní eré yín ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bí olóòtú yín ṣe pa tábìlì tó ń pariwo lẹ́nu mọ́ láìbú wọn wú mi lórí gan-an. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe awàdà. Ìṣẹ́jú 5 ni mo ní, mo sì lè ṣe é láìsí ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ. Fídíò rẹ̀ rèé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yà á, mi ò gé e. Tí ẹnì kan bá já yín kulẹ̀ lójijì, mo lè dé ọ̀dọ̀ yín láàárín wákàtí kan. Ẹ ṣeun.”

Ó tán. Kò sí pé ìyá rẹ ní o lẹ́fẹ̀, kò sí ìtàn bí o ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sí “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè.” Tí wọn ò bá dáhùn, má bínú, má sì kọ̀wé lọ́jọ́ kejì. Dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, títí tí wàá fi ní ohun tuntun tí o máa sọ: fídíò tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí eré kan tí o ṣe. Kí o sì kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ojú ewé wọn. Tí wọ́n bá ní fọ́ọ̀mù ni kí èèyàn máa kún, má lọ máa pè wọ́n lórí fóònù.

Mo mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ nínú lẹ́tà yẹn, kì í ṣe láti ká ọ lọ́wọ́ kò. Sọ ohun tó wù ọ́ lálẹ́ tó bá gbà á. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 5 kan tí ọmọdé àti ìyá àgbà lè jọ gbọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àpèjẹ ìparí ọdún, àwọn ilé ìwé, àwọn tó ń kó owó àánú jọ, irú èyí ni wọ́n ń wá, àwọn ló sì máa ń sanwó jù.

Ohun kan wà tí mo máa ń gba ẹni tuntun níyànjú, tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ torí iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀: dá alẹ́ tìrẹ sílẹ̀. Wá ilé ọtí tàbí ilé kọfí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oníbàárà ní alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, sọ fún onílé pé o máa kó èèyàn wá fún un lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Láàárín oṣù mẹ́fà, wàá ti di ẹni tí àwọn aláwàdà ń kọ̀wé sí, wàá ka lẹ́tà wọn, wàá sì rí ohun tó ń sú àwa olùṣètò pẹ̀lú ojú ara rẹ. Àwọn tí o bá pè á máa pè ọ́ padà sí tiwọn. Má fi ara rẹ ṣe àgbà alẹ́ náà o. Olóòtú ni kí o jẹ́, torí kò sí ohun tó ń kọ́ni ní ìtàgé bí kí èèyàn máa padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lálẹ́ kan.

Tí o bá máa ṣe é, ṣe é bó ṣe yẹ, kí o sì mójú tó àga. Èèyàn 30 nínú gbọ̀ngàn tí àga 150 wà kò ní rẹ́rìn-ín, torí oníkálukú á jókòó jìnnà sí ẹnìkejì, ojú á máa ti èèyàn láti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. Kó àga 35 síta, tò wọ́n mọ́ra, kí ìlà àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìtàgé, kó ìyókù pamọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, iwájú ni kí o mú un lọ jókòó. Pa iná tó wà lórí òǹwòran, jẹ́ kí ti ìtàgé nìkan máa tàn. Pa tẹlifíṣọ̀n ilé náà, kì í ṣe ohùn rẹ̀ nìkan, torí ojú èèyàn kì í kúrò lára ohun tó bá ń mì. Mo ti rí i tí eré kan náà, aláwàdà kan náà, kú lọ́sẹ̀ kan tó sì jí lọ́sẹ̀ kejì, tó jẹ́ pé àga nìkan ló yí padà.

Lórí owó: má retí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n mọ ibi tó wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú 5 ọ̀fẹ́ ni ẹni tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀, á dé 10, ìṣẹ́jú 20 sì ni wọ́n ń san owó gidi fún. Ní Amẹ́ríkà, olóòtú ń ṣe bí ìṣẹ́jú 10 ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà láàárín ń ṣe 20 sí 30, ẹni tó ni alẹ́ ń ṣe 45 tàbí wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 5 rẹ, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Máa kọ ìyókù lọ. Àwọn eré kan wà tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ kó èèyàn tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì wá kí wọ́n tó fún ọ láyè. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kò pa ọ́ lára tí o bá nílò fídíò, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di àṣà, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Ẹni tó bá sì ní kí o fi owó ara rẹ ra ìṣẹ́jú 5, kọjá lọ. Bákan náà, tí ilé bá ń kún, tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ sára pátákó láti fi ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọn kò sì san nǹkan kan fún ọ, ó ti tó àkókò láti sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1979, irú rẹ̀ ló mú kí àwọn aláwàdà Comedy Store ti Los Angeles yanṣẹ́ lódì, Jay Leno àti David Letterman, tí wọ́n padà di gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, sì wà lára wọn. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san 25 dọ́là fún wọn lórí ìṣeré kan.

Àwọn kan lè ní kí o lọ sí àjọ̀dún eré Edinburgh Fringe ní ilẹ̀ Scotland ní oṣù Kẹjọ. Ó ti wà láti ọdún 1947, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣeré níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yàn án. Àmọ́ ìwọ lo máa gbé owó yàrá tí o ti máa ṣeré àti ti ibùgbé, wákàtí kan gbáko sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣeré. Oṣù mẹ́sàn-án kò tíì gbé e. Lọ wò ó tí o bá rí ọ̀nà.

Tí wọ́n bá wá pè ọ́, dáhùn kíákíá, kódà kó jẹ́ “rárá.” Tètè dé. Béèrè ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ọ àti ibi tí iná wà, kí o sì lọ wò ó pẹ̀lú ojú ara rẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá sọ̀ kalẹ̀, má lọ. Dúró wo àwọn yòókù títí dé ẹni ìkẹyìn. Tí eré rẹ kò bá wọlé, má sọ pé òǹwòran ló burú, pàápàá nínú gbàgede WhatsApp àwọn aláwàdà, torí olùṣètò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ̀fẹ̀ ẹlòmíràn, má mú un, ì báà jẹ́ gbólóhùn kan. Àárín àwa aláwàdà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán lára èèyàn.

Ní ti àwọn méjì tó ní àwọn á pè ọ́: irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Wọ́n gbàgbé ni. Àwọn ni kí o bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn. Lọ wo eré wọn lóṣù yìí, kí o ya fídíò tuntun bí mo ṣe là á sílẹ̀, kí o sì kọ lẹ́tà kúkúrú yẹn sí wọn. Fi gbólóhùn tó sọ pé o lè dé láàárín wákàtí kan síbẹ̀, kí o sì rí i dájú pé o lè dé lóòótọ́.